Ìjókòó Ẹ̀yìn Jáwà Wa

Ẹrẹ̀nà 1, Ọjọ́ Ẹtì

Yìnyín tó bọ́ lánàá ti di ẹrẹ̀. Dírẹ́bà bọ́ọ̀sì tó ń ti Kavala, lódìkejì ibodè, bọ̀ já àpò kékeré kan sílẹ̀ fún mi ní ṣọ́ọ̀bù: òwú pupa àti funfun tí Nevena fọwọ́ ara rẹ̀ lọ́, pẹ̀lú ṣokoléètì kan. Ọdún kẹfà nìyí tí ìyàwó mi ń fi òwú Ẹrẹ̀nà ránṣẹ́ sí mi dípò kó so ó mọ́ mi lọ́wọ́ fún ìlera, bí àṣà wa. Òwú yìí kò ṣeé dá so. Mo fi eyín di etí kan mú, mo fi ọwọ́ fa ìkejì, ó já bọ́, mo tún un ṣe, ó tún já bọ́. Nígbà tó sú mi, mo gbé e lọ bá Bàbá Metodi, aládùúgbò mi.

"Ṣé èmi wá ni ìyàwó ẹ ni?" Bàbá fi ẹ̀rín sí i. "Ó dáa, nawọ́ wá, ọkọ mi."

Nevena pè mí lọ́sàn-án, nígbà tí ìyá Despina, arúgbó tó ń tọ́jú níbẹ̀, ti sùn. Mo bi í pé báwo ni ara ìyá.

"Ara ẹ̀ le. Ó jẹ ẹja méjì."

Mo ní a dúpẹ́. N kò dúpẹ́.

Ó ní òun ò ní lè wá fún Àjíǹde lọ́dún yìí náà. Ọmọ tí ìyá náà bí, tó wà ní Jámánì, ò ní ráyè, kò sì sí ẹni tí òun lè fi ìyá sílẹ̀ fún, ì báà ṣe wákàtí kan. Ohun tó wí lọ́dún tó kọjá náà nìyẹn. Nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, n kò wọlé. Mo ṣí ilẹ̀kùn abà, mo ká tapólì sókè lápá kan, mo wo Jáwà, alùpùpù wa àtijọ́.

Mo ti pinnu. Bí òun ò bá lè wá, èmi á lọ. N kò ní wọ bọ́ọ̀sì. Ẹni tó bá wọ bọ́ọ̀sì lọ, àlejò ni. Wọn á bu kọfí fún un, wọn á sì sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Jáwà ni màá gùn, nítorí ó ní ìjókòó ẹ̀yìn, Nevena nìkan ló sì ń jókòó síbẹ̀ láyé ọjọ́un. Jẹ́ kó ṣáà ti gùn ún. N kò ní dúró títí a ó fi rí òrùlé ilé wa.

Ẹrẹ̀nà 3, Ọjọ́ Àìkú

Mo ká tapólì kúrò pátápátá. Ì bá sàn kí n má ká a. Eku ti sọ ìjókòó di ilé ìkómọ. Táyà méjèèjì ti sán bí ilẹ̀ ọ̀dá. Ìpẹtà inú táńkì ń dún ṣaworo bí mo bá mì ín. Mo ta ẹ́ńjìnì lẹ́sẹ̀, orókún mi ló dáhùn, ẹ́ńjìnì ò mira.

Nínú àpótí irinṣẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó, mo bá sípánà méjì, ìkótí Nevena kan, àti iyanrìn. Iyanrìn Òkun Dúdú ni. A kò tíì bí Ralitsa, ọmọ wa, nígbà náà. Àgọ́ ló wà lẹ́yìn, ìkòkò kan, àwa méjì. Òjò pa wá láti ilé dé etí òkun, Nevena ń kọrin sí mi létí gbogbo ọ̀nà, ohùn rẹ̀ ò sì dára rárá.

N kò da iyanrìn náà nù.

Ẹrẹ̀nà 9, Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Mo tú pílọ́ọ̀gì méjèèjì, mo da epo sínú ihò wọn kí pisítìnì lè rọ̀. Àárọ̀ ni mo máa ń tì í, ìrọ̀lẹ́ ni mo tún máa ń tì í. Òjò ń rọ̀. N kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ láti Ọjọ́bọ̀, àfi adìyẹ.

Ẹrẹ̀nà 14, Ọjọ́bọ̀

Ó yí! Ẹ́ńjìnì yí! Mo gbé gbogbo ara mi lé e, ó sọ "kọ̀ọ́", ó sì yí. Mo pariwo débi pé àwọn adìyẹ fò lu ògiri. Mo sáré wọlé láti sọ ọ́. Inú ilé ìdáná ni mo tó rántí pé kò sí ẹni tí mo fẹ́ sọ ọ́ fún.

Ẹrẹ̀nà 20, Ọjọ́rú

Ààwẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀wà lónìí, ẹ̀wà lọ́la. Mo fi ọtí kíkan àti ìṣó fọ inú táńkì; mo mì ín títí apá mi fi kú. Omi tó jáde dà bí tíì tó ki jù. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ó mọ́ díẹ̀.

Mo ra táyà méjì nílùú, owó lẹ́fà ọgọ́rùn-ún ó lé díẹ̀, ó sì dùn mí. Oní-táyà fún mi ní omi tí a fi ń kún bátìrì, omi sísè tó mọ́, lọ́fẹ̀ẹ́. Ìgò omi tí mo mu tán lójú ọ̀nà ló rọ ọ́ sí. Mo gbé e sí orí pẹpẹ abà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìgò yòókù.

Ẹrẹ̀nà 26, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Ẹyẹ àkọ̀ ti dé. Mo rí i lórí òpó iná iwájú ilé ìwé tí wọ́n ti tì pa, ó dúró ní ẹsẹ̀ kan lórí ìtẹ́ àná. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, kò sí ẹni tí mo lè fi í hàn. Gbogbo ojúlé tó wà ní òpópónà yẹn, àgádágodo ló wà lẹ́nu wọn. Àwọn onílé wà ní Spéènì, wọ́n wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n wà ní itẹ́ òkú.

Ẹni tó bá ti rí àkọ̀ yẹ kó tú òwú ọwọ́ rẹ̀, kó so ó mọ́ ara igi tó ń rúwé. N kò tú tèmi. Ẹni tó lọ́ ọ ni yóò tú u.

Bàbá Metodi ní akọ ló máa ń kọ́kọ́ dé. "Á tún ìtẹ́ ṣe, á máa wọ̀nà. Ìwọ àti ẹ̀, iṣẹ́ kan náà lẹ jọ ń ṣe. Òun ṣáà lówó bátìrì ju ìwọ lọ, torí kì í lò ó."

Igbe 2, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Ìjókòó ló gba gbogbo ọjọ́ lónìí. Fóòmù tí wọ́n ń tà nílùú rọ̀ jù, kò ní gbé èèyàn dé ìdajì ọ̀nà. Mo wò yíká ilé. Bẹ́ẹ̀dì wa ni fóòmù rẹ̀ dára jù. Apá tèmi ti jìn wọlẹ̀ bí kòtò. Apá ti Nevena ṣì le gbọin, bí ọjọ́ tí a rà á, nítorí kò sẹ́ni tó sùn sí i láti ọdún mẹ́fà. Mo mú ọ̀bẹ. Mo gé ti Nevena.

Bàbá Metodi bá mi níbi tí mo ti ń fi awọ bò ó.

"Fóòmù gidi nìyí. Níbo lo ti rí i?"

"Bẹ́ẹ̀dì wa ni mo ti gé e, Bàbá."

"Apá ibo?"

"Apá tiẹ̀."

Bàbá fi ìka tẹ ìjókòó náà. "Ìwọ ọmọ yìí. Tó o bá wá gbé e délé, níbo ló máa sùn?"

N kò tíì ronú débẹ̀. Mo ní yóò sùn sí apá tèmi. Ní alẹ́, mo wo ihò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo fi aṣọ òtútù rẹ̀ dí i.

Igbe 5, Ọjọ́ Ẹtì

Mo gbé bátìrì àlòkù Bàbá Metodi sí i, mo po epo àti ọ́ìlì pọ̀, mo ta á lẹ́sẹ̀. Kò sọ nǹkan kan. Mo tún kabúrétọ̀ tú, mo fẹ́ ẹnu sí gbogbo ihò rẹ̀, mo tò ó padà. Mo ta á. Ó wúkọ́. Mo tún ta á, ó sì gbéra! Èéfín funfun bo abà, eku mẹ́ta já láti inú ìdí sàlẹ́ńsà, ọ̀kan nínú wọn gbé ọmọ lẹ́nu.

Ohùn rẹ̀ ò yàtọ̀. Mo jókòó lórí rẹ̀ nínú abà, ó ń dún lábẹ́ mi, n kò lọ ibì kankan. Ojú mi ṣe omi. Mo ní èéfín ni.

Igbe 9, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Mo fi omi orí pẹpẹ kún bátìrì. Mo fi wáyà sí i kó gba iná mọ́jú. Ọjọ́ Ẹtì ni màá gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Láìsí èdìdì àyẹ̀wò, àwọn ẹ̀ṣọ́ ibodè kò ní jẹ́ kí n kọjá.

Igbe 11, Ọjọ́bọ̀

Abo àkọ̀ dé. Àwọn méjèèjì ń fi ẹnu ṣe pàkàpàkà lórí òpó láti àárọ̀. Mo gba ọ̀nà ẹ̀yìn lọ sí ṣọ́ọ̀bù.

Igbe 12, Ọjọ́ Ẹtì

Ọjọ́ burúkú èṣù gbomi mu. Bátìrì ò gbé nǹkan kan láàárọ̀. Mo ní láti ti Jáwà sọ̀kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì kó tó gbà láti dún. Abà ń rùn bí ilé ìyàwó lọ́jọ́ kejì ìgbéyàwó, mo rò pé awọ tuntun ni.

Ọmọkùnrin kan tó ní irùngbọ̀n wẹ́rẹ́ ló ń yẹ ọkọ̀ wò.

"Ẹ fun fèrè, Bàbá."

Mo tẹ̀ ẹ́. Kò dún.

"Ẹ tan iná."

Iná wò wá bí ojú ẹni tí ibà ń ṣe, ó sì kú. Ọmọ náà tẹ̀ sún mọ́ mi. Ó ṣí imú.

"Ẹ má bínú o. Ṣé ẹ ti fẹnu kan nǹkan láàárọ̀ yìí?"

"Ààwẹ̀ ni mo wà."

"Mo mọ ọ̀pọ̀ èèyàn tó wà nínú ààwẹ̀."

Inú bí mi. Mo fẹ́ èémí sí i lójú gbàrà: ẹ̀wà àti àlùbọ́sà. Ó fà sẹ́yìn, ó ń fi ọwọ́ lé e.

"Ó ti tó! Ẹnu yín mọ́. Alùpùpù yín ló mutí yó."

Ó kọ̀ fún mi. Mo ti Jáwà dé ẹ̀yìn ìlú kó tó dún padà.

Bàbá Metodi wá bá mi kẹ́dùn. Ó wá rakia, ọtí líle tí mo pọn, lọ sórí pẹpẹ, ó mú ìgò kan fúnra rẹ̀, ó bu ife kan, ó gbé e mì, ó wò mí tàánútàánú.

"Zapryan. Ta lo ṣẹ̀?"

"Kí ló dé?"

"Rakia ẹ ti di omi." Ó tún bu òmíràn. "Omi gidi ni! Kò jó ọ̀fun, kò jó àyà. Àbí o ti ń bù ú mu, o wá ń fi omi dí i, kí Nevena má mọ̀?"

Mo wo ìgò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo wo ìgò kejì tó ti ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì. Ìgò omi kan náà, ìdérí aláwọ̀ búlúù kan náà. Ohun tó wà nínú wọn mọ́ lójú bákan náà. Mo jókòó sílẹ̀.

"Bàbá, rakia ọdún tó kọjá ni mo fi kún bátìrì."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Lójijì ó dákẹ́, ó gbé ife sílẹ̀.

"Kí lèmi wá mu?"

"Omi bátìrì."

"Ṣé màá kú ni?"

"Omi tí wọ́n sè lásán ni. Ẹ ò ní kú."

"Ó dáa. Wá fa èyí tó wà nínú bátìrì jáde fún mi, kó má baà ṣòfò."

Ó pẹ́ tí ẹ̀rín ti dún báyìí nínú abà. Nígbà tí Bàbá lọ tán, ilé wá dákẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Igbe 16, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Nevena pè ní àárọ̀, kì í sì í pè ní àárọ̀. Ibà ti dá ìyá Despina dùbúlẹ̀, kò jẹun láti àná, dókítà ní káwọn máa wò ó ná. 

Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn, n kò fẹ́ kọ ọ́ síbí. Ẹni tó bá ka ìwé yìí dé ibí ti mọ̀ ọ́n.

Igbe 17, Ọjọ́rú

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo ra àbẹ́là kan. Mo fẹ́ tan án fún ìyá náà kí ara rẹ̀ le. Òkè ni ti alààyè, ìsàlẹ̀, nínú iyanrìn, ni ti òkú. Mo dúró. Ọwọ́ mi kọ́kọ́ lọ sísàlẹ̀. Ọlọ́run ń wò mí, kò sì sí ẹlòmíràn nínú ilé náà. Mo fà á padà, mo gún un sí òkè, mo sáré jáde bí olè. Ojú ara mi tì mí, ó sì ń tì mí títí di ìsinsìnyí tí mo ń kọ èyí. Ìyá yìí ò ṣe mí ní nǹkan kan rí. Ó kàn wà láàyè ni.

Igbe 20, Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Ibà ti lọ. Ìyá ní kí wọ́n se ẹja fún òun. Nevena ń rẹ́rìn-ín bó ti ń sọ ọ́. Èmi náà rẹ́rìn-ín, n kò mọ irú ẹ̀rín tí mo rín.

Bátìrì tuntun, owó lẹ́fà ọgọ́rin. Ìgò tó wà lórí pẹpẹ, mo ti fi ọ̀dà pupa kọ orúkọ sí gbogbo wọn lára.

Igbe 24, Ọjọ́rú

Ọmọ onírùngbọ̀n ń dúró dè mí. "Ṣé ojú ẹ̀ ti dá?" Fèrè dún débi tí ajá fi gbó. Bíréèkì mú, iná tàn, sàlẹ́ńsà dákẹ́ jẹ́jẹ́. Ó lẹ èdìdì mọ́ ìwé mi, ó ní kí n gbà pé òun náà ò rí Jáwà tó mọ́ báyìí rí. Ó bi mí níbo ni mò ń gbé e lọ. Mo ní ọ̀dọ̀ ìyàwó mi. Ó na ọwọ́ sí mi, a bọ ara wa lọ́wọ́ bí àgbà méjì.

Èbìbí 2, Ọjọ́bọ̀

Mo pa ẹyin Àjíǹde láró pupa. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni mo máa ń rántí pé n kò mọ̀ ọ́n pa. Ọwọ́ mi pupa títí dé ìgbọ̀nwọ́. Mo nu àṣíborí méjèèjì. Ìkótí Nevena wà nínú àpótí irinṣẹ́, nínú iyanrìn rẹ̀. N kò sọ fún un pé mò ń bọ̀. Bàbá Metodi ni yóò máa fún adìyẹ lóúnjẹ.

"Ọjọ́ mélòó?" ó bi mí.

"Ọjọ́ méjì, Bàbá. Àwa méjèèjì la máa padà dé."

Kò bá mi ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tó bà mí lẹ́rù nìyẹn.

Èbìbí 4, Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Kavala

Oòrùn mú láti àárọ̀. Jáwà gun òkè dé ibodè láìkùn. Ní apá kejì, ọ̀nà ń sọ̀ kalẹ̀ láàárín igi, òórùn ewé tútù ń wọ inú àṣíborí, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin, ohùn tèmi náà ò dára. Ìgbà méjì ni mo na ọwọ́ sẹ́yìn láìmọ̀, bí mo ti máa ń ṣe, láti fọwọ́ kan orókún rẹ̀. Fóòmù ni mo fọwọ́ kàn.

Ilé ìyá náà wà lókè, ní àdúgbò olókùúta tó sún mọ́ odi àtijọ́. Nevena ló ṣí ilẹ̀kùn, ṣíbí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Irun iwájú orí rẹ̀ ti funfun.

"Zapryan? Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú."

"Kí ló wá dé?"

Mo kúrò lójú ọ̀nà kó lè rí i. Ó wo Jáwà, ó wò mí, ó fi ṣíbí bo ẹnu. "Ìwọ ọkùnrin yìí! O jí i dìde!" Ó sọ̀ kalẹ̀ tòun ti bàtà ilé, ó fi ọwọ́ ra táńkì, ó fi ọwọ́ ra fèrè. Ó tẹ ìjókòó ẹ̀yìn.

"Ó le dáadáa. Fóòmù wo nìyí?"

"Ti bẹ́ẹ̀dì wa. Apá tìẹ."

 Ó ṣì gbé ọwọ́ lé e. Láti inú ilé, ohùn kan pè é, ó sì lọ.

Ìjókòó gígùn inú pálọ̀ ni wọ́n tẹ́ fún mi. Yàrá ìyá ni Nevena ń sùn, lórí bẹ́ẹ̀dì àgọ́, nítorí ìyá máa ń jí. Mo rin gbogbo ọ̀nà yẹn, ògiri ṣì wà láàárín wa. Mo ń gbọ́ bó ti ń fi èdè wọn tu ìyá náà nínú, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

Èbìbí 5, Ọjọ́ Àjíǹde

A kan ẹyin mọ́ ẹyin nídìí tábìlì, eré Àjíǹde: ẹni tí ẹyin rẹ̀ ò bá fọ́ ló borí. Ìyá Despina kò ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ ní ìdúró, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mú bí abẹ́rẹ́. Ó fọ́ ẹyin mi níwájú, ó ní kí n yí i, ó fọ́ ẹ̀yìn náà. Ó pàtẹ́wọ́ fún ara rẹ̀.

Mo tẹ̀lé Nevena wọ ilé ìdáná. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kí n má baà gbé e mì.

"Mo wá mú ẹ lọ sílé ni. Àṣíborí ẹ wà nísàlẹ̀."

"Kí n fi í sílẹ̀ fún ta?"

"Ọmọ ẹ̀ ńkọ́? Ìjọba wọn ńkọ́? Ọdún mẹ́fà, Nevena. Mò ń bá adìyẹ sọ̀rọ̀."

"Mo mọ̀." Ó pa omi ẹ̀rọ. "Zapryan, ojoojúmọ́ lo máa ń bi mí bí ara ìyá ṣe rí. Ojoojúmọ́. Ṣé o rò pé mi ò mọ ohun tó ò ń bi mí?"

Ilẹ̀ ò yanu kí n wọlé. Mo dúró síbẹ̀, àwọ̀ pupa ẹyin ṣì wà lọ́wọ́ mi.

"Èmi náà ti ro ó rí," ó wí. "Ní ọdún àkọ́kọ́. Mo máa ń gbọ́ èémí ẹ̀ lóru, màá ní bóyá òní ni. Nísinsìnyí, tí mi ò bá gbọ́ ọ, èmi ni mo máa ń fò dìde. Ó ti di tèmi. Mi ò mọ bí mo ṣe máa ṣe é yé ẹ."

"Èmi ńkọ́? Ta ni mo di?"

Ó sunkún nígbà náà, ó sì fi orí tì mí láyà. Mo gbá a mú. Kò sọ pé òun ń bọ̀.

Ìyá lu ọ̀pá mọ́lẹ̀ ní pálọ̀, ó ní kí ni a ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Nevena nu ojú, ó sọ fún un pé ọkọ òun fẹ́ gbé òun jáde lórí alùpùpù. Ìyá dá a lóhùn gígùn. Nevena bú sẹ́rìn-ín.

"Kí ló wí?"

"Ó ní ìwọ àlejò yìí ò mọ ìwà hù. O bá àgbàlagbà nínú ilé, ọmọdé lo fẹ́ kọ́kọ́ gbé."

Mo rò pé ẹ̀fẹ̀ ni. Ìyá ti ń wá aṣọ àwọ̀lékè rẹ̀. A gbé e sọ̀ kalẹ̀ láàárín wa bí ẹni gbé dígí. A dé àṣíborí Nevena fún un, a gbé e lé ìjókòó. Ó fúyẹ́ ju apẹ̀rẹ̀ àjàrà lọ. Ó fi apá méjèèjì gbá ikùn mi mú, ó so ọwọ́ pọ̀, n kò sì mọ̀ pé ọwọ́ kékeré bẹ́ẹ̀ lè mú èèyàn ṣinṣin.

Mo fi jíà àkọ́kọ́ rìn, jẹ́jẹ́, gba iwájú àwọn ilé tí wọ́n ti ń yan àgùntàn. Nevena ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn ìyá. Àwọn èèyàn yọjú lórí báńkóònì, wọ́n ń ké "Ó ti jíǹde!" sí wa, ìyá sì ń dá wọn lóhùn bí ọbabìnrin. Ó gbá mi lẹ́yìn.

"Ó ní kó o yára!" Nevena ń mí gúlegúle. "Má dá a lóhùn! Zapryan, má dán an wò!"

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fì lọ fì bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kò dé ibi irin ìtẹ̀sẹ̀.

A yí níbi tí òkun ti hàn. Ìyá sọ̀rọ̀, Nevena sì túmọ̀ rẹ̀: "Ó ní ẹ̀yìn ẹ dára, ó gbóná. Ó ní tí Ọlọ́run bá dá òun sí, kó o tún gbé òun lọ́dún tó ń bọ̀."

"Sọ fún wọn pé Ọlọ́run á dá wọn sí," mo wí. Ẹnu mi ti sọ ọ́ tán kí n tó gbọ́ ọ.

Èbìbí 6, Ọjọ́ Ajé

Nevena rí òwú lọ́wọ́ mi nígbà tí mo ń wọ ìbọ̀wọ́.

"Títí di Èbìbí! Ṣé o ò rí àkọ̀ ni?"

"Mo rí i."

Ó fi sísọ́ọ̀sì gé e, ó so ó mọ́ igi òroǹbó wẹ́wẹ́ ẹnu ọ̀nà. Mo gun Jáwà. N kò tíì ta á. Nevena wò mí díẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀, ó jókòó sẹ́yìn mi. Ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé mi lẹ́yìn. Ẹ́ńjìnì ò dún, ojú kan náà ni a wà. Mo fi ọwọ́ sẹ́yìn, orókún rẹ̀ ni mo fọwọ́ kàn.

Fèrèsé ṣí lókè. "Nevena!"

Ó sọ̀ kalẹ̀. Mo ta á, ó gbéra ní ẹ̀ẹ̀kan.

Ìjókòó ẹ̀yìn fúyẹ́ jù lórí òkè. Mo ń gbọ́ ọ bí ó ti ń mì.

Bàbá Metodi jókòó lórí bẹ́ǹṣì ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn mi. Ó dìde, ó bá mi ṣí ilẹ̀kùn abà, ó ní adìyẹ yé ẹyin mẹ́rin, òun jẹ méjì.

Èbìbí 11, Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Òjò. Nevena pè lọ́sàn-án. Mo bi í pé báwo ni ara ìyá, mo sì dákẹ́ kí n lè gbọ́ ìdáhùn. Ikọ́ díẹ̀ ń ṣe é. Mo ní kí wọ́n má jẹ́ kó jókòó síbi fèrèsé.  Nevena ní ojoojúmọ́ ni ìyá ń béèrè ọkùnrin alùpùpù.

Bàbá Metodi bá mi nínú abà, pákó méjì wà níwájú mi.

"Kí lo tún bàjẹ́?"

"Kò sóhun tó bàjẹ́, Bàbá. Irin ìtẹ̀sẹ̀ ẹ̀yìn ni mo fẹ́ gbé ga."

"Nevena ga jù mí lọ. Kí ló fẹ́ fi pákó ṣe?"

"Ìyá Despina ni. Ẹsẹ̀ wọn ò délẹ̀."

Bàbá fa àpótí kan sún mọ́ mi, ó jókòó, ó sì di pákó mú kí n lè lu ihò sí i. Nígbà tó lọ jẹun, mo mú bébà oníyanrìn, mo fi ha etí pákó méjèèjì títí tí wọ́n fi dán, kí wọ́n má baà fa ìbọ̀sẹ̀ ìyá ya.